Aṣọ Tí A Kò Tíì Pín

Ìrẹsì ti ń hó lórí iná nígbà tí tẹlifóònù dún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun àdúrà ṣì wà lọ́rùn gbogbo wọn, Jeremiah ń sunkún ebi, Adùnọlá ìyá rẹ̀ sì ti fa kúìlì rẹ̀ sórí orúnkún, ó ní kí òun fi àkókò tí ìrẹsì yóò fi jinná rán ìlà kan. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Obìnrin tó bá ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Shooters Hill nílùú òyìnbó, tó ní ọmọ méjì tí wọn kì í ṣa ìbọ̀sẹ̀ ara wọn nílẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń wa mínìkáàbù tọ̀sán-tòru, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ òun yóò dilẹ̀, kí ó yáa má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rárá.

Kúìlì ni wọ́n ń pe aṣọ ìbora náà. Èkìrí aṣọ ni wọ́n ń rán mọ́ra wọn títí yóò fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. Wọn a tẹ́ òwú sí i lábẹ́, wọn a fi aṣọ mìíràn ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Patricia, òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ fúláàtì wọn ní Tavy Bridge, ló kọ́ Adùnọlá, ọwọ́ rẹ̀ sì dá sí i ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ.

Ó gbé tẹlifóònù. Láti Òṣogbo ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni, Àǹtí Àpèkẹ́, tó ń pariwo bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ló fẹ́ gbé òun fúnra rẹ̀ kọjá òkun.

"Adùn! Mo ti rí físà gbà o! Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni màá bà sí Heathrow!"

"Háà! Àǹtí mi! Ọpẹ́ ni f'Ólúwa! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ káàbọ̀!"

"Ẹrù màmá wa ńkọ́? Ṣé kòkòrò ò tíì wọ̀ ọ́? Àwọn ẹbí fẹ́ pín in lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwa méjì péré ni màmá bí. Báwo la ṣe máa pín aṣọ ìyá ẹ lẹ́yìn ẹ? Ìyẹn ni mo ṣe kó gbogbo ẹ̀ fún Obed pé kó gbé e wá bá ẹ. Tí mo bá ti dé, àwa méjèèjì á jókòó pín in."

Ìlà náà já. Adùnọlá fi tẹlifóònù sílẹ̀, ó sì wo ohun tó wà lórí orúnkún rẹ̀. Àdìrẹ ìyá wọn ni, àǹkárá ìyá wọn ni, búbá léèsì tí ìyá wọn wọ̀ ṣe ìkórè ni, gbogbo rẹ̀ ló ti di èkìrí. Kò ṣẹ́ ku ìró kan ṣoṣo tó wà lódidi. Ìrẹsì jóná lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbóòórùn rẹ̀ títí èéfín fi dé pálọ̀.

Kí a tó dá Adùnọlá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Nígbà tí ìyá wọn kú, páásípọ́ọ̀tì Adùnọlá wà lọ́wọ́ ìjọba níbí, wọn kò sì tíì lu òǹtẹ̀ ìgbélùú sí i. Bó bá lọ sìnkú, kò ní lè padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sí Thamesmead, ó sunkún lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, wọ́n sì sin ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bùrọ̀dá Obed ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ilé dé, ó gbé báàgì ńlá kan wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹrù màmá yín rèé." Ọmọ Yorùbá wo ni wọn yóò gbé báàgì aṣọ ìyá rẹ̀ fún lẹ́yìn ìsìnkú tí kò ní gbà pé ìpín òun ni? Adùnọlá gbà bẹ́ẹ̀. Kò sì dúró níbẹ̀. Ó tún rò nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti ṣa èyí tó dára, pé ìyókù ló rọ́ sínú báàgì fún ẹni tí kò wá sìnkú. Èrò yìí ló dùn ún jù báyìí. Ó gé aṣọ nítorí pé ọ̀rinrin ilé wọn ti ń mú un bu, ìyẹn ṣeé sọ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ èrò kejì fún?

Báyọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti rí ọ̀nà àbáyọ kó tó bọ́ bàtà tán.

"Sọ fún wọn pé báàgì yẹn sọnù ní airport. Brother Obed ló sọ ọ́ nù. Finish."

"Daddy Zoe! Bùrọ̀dá Obed tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e dé pálọ̀ yìí?"

"Ṣé àǹtí ẹ mọ̀ pé ó dé pálọ̀ yìí ni?"

Báyọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ ẹni tó gbà pé irọ́ kékeré a máa gba ni lọ́wọ́ ìjà ńlá ni, bí àwọn awakọ̀ mínìkáàbù ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé àwọn ti wà ní ìkángun àdúgbò yín nígbà tí wọn kò tíì jáde nílé. Ohun tó ń ba Adùnọlá lẹ́rù ni pé òun kò sọ pé rárá.

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́, ó fi iyọ̀ sínú tíì bàbá arúgbó kan, bàbá náà mu ún tán, ó sì dúpẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbàgbé láti sọ̀ títí ó fi kọjá ibi tó ń lọ. Ní ìsìn Ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo ìjọ dojúbolẹ̀, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí físà ẹ̀gbọ́n òun bàjẹ́. Ojú tì í, ó tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó tún bẹ Ọlọ́run pé bí kò bá lè jẹ́ físà, kí ó kúkú jẹ́ òjò yìnyín tí kò ní jẹ́ kí bàálù bà.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n kan. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Beresford Square lẹ́yìn iṣẹ́, ó lọ sí ìsọ̀ Síkírù, ọmọ Ìbàdàn tó ń ta àǹkárá àti àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta tòmátì. Ó mú èkìrí àdìrẹ kan jáde nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní irú èyí?"

Síkírù yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó sì fa ọ̀kan yọ. "Mummy, ẹ wò ó. Same design! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó!"

Lóòótọ́, ó jọ ọ́. Adùnọlá fà á mọ́ra. Ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe fi jíìkì fọ̀ ọ́ léraléra kí ó lè ṣá, bí òun yóò ṣe fi káńfọ̀ sí i kí ó lè rùn bí àpótí ìyá wọn. Ó ti ń wá àǹkárá tí yóò tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni ó gbé aṣọ tuntun náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó le bí páálí, ó ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ó sì rántí ohun tó ti mọ̀ tipẹ́. Àdìrẹ ìyá wọn yẹn ni Àǹtí Àpèkẹ́ fi ń pọ̀n ọ́n. Ọmọdébìnrin ni Àpèkẹ́ nígbà náà, ìyá wọn á lọ sóko, Àpèkẹ́ á sì gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹyín iná ta sí etí aṣọ náà nígbà tí Àpèkẹ́ ń dáná pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó lu ihò sí i, ìyá wọn sì nà án nítorí ihò náà. Ṣé ẹni tí wọ́n tìtorí aṣọ nà ni èèyàn yóò fi ayédèrú rẹ̀ hàn?

Ó dá aṣọ padà. Síkírù pòṣé, ó ní àwọn tí kò fẹ́ rajà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò jù.

Ìgbà tí ọ̀nà ìyẹn dí ni ó wá pinnu pé kí òun rán kúìlì náà parí. Kò mọ ohun tí ìyẹn yóò tún ṣe, ṣùgbọ́n ó rò pé bí ẹ̀gbọ́n òun yóò bá rí aṣọ ìyá wọn ní gígé, kí ó kúkú rí i ní ohun tó pé, tó lẹ́wà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì ṣẹ́ létí. Ó rán an lórí bọ́ọ̀sì. Ó rán an nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, búrẹ́dì lẹ́nu. Ó rán an nígbà tí Jeremiah ń wẹ̀, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé kí ó fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un tó bẹ́ẹ̀ tí kò ka ìgúnni rẹ̀ sí mọ́. Zoe, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró, ó ń wò ó.

"Mummy, just tell her now. It's only cloth, innit."

"Aṣọ lásán? Zoe, jáde níwájú mi."

Ọmọ náà jáde, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a jáde. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Etí aṣọ ni Adùnọlá ń ṣẹ́, ẹnu ni kò fẹ́ là.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè é láti ilé ìwé pé ara Jeremiah gbóná. Ó sáré lọ gbé e wálé, ó tẹ́ ẹ sórí àga gbọọrọ, ó sì fi ohun tó sún mọ́ ọwọ́ bò ó. Kúìlì ló sún mọ́ ọwọ́. Kó tó mú oògùn dé, ọmọ ti bì sí i láàárín gangan.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Patricia ti sọ fún un pé kí ó fọ gbogbo aṣọ kí ó tó gé e. Kò gbọ́. Òórùn káńfọ̀ àti àdín tó wà lára aṣọ náà ni kò fẹ́ kí ó lọ, nítorí òórùn náà nìkan ni ìyá rẹ̀ tó kù. Kò sí ọ̀nà mìíràn báyìí. Ó rì í sínú omi tútù, omi sì di búlúù lójú ẹsẹ̀. Aró àdìrẹ ya wọ inú àwọn èkìrí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ya wọ inú léèsì, ó ṣe bátabàta bí ojú ọmọ tó ti sunkún. Adùnọlá kúnlẹ̀ ti básíà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tó gbẹ, ó gbé e sí imú. Ọṣẹ ni ó ń rùn.

Àárọ̀ Sátidé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Báyọ̀ lọ sí Heathrow, Adùnọlá sì wà nídìí ọbẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé. Ó gbàdúrà, ó ro ẹ̀fọ́, ó tún gbàdúrà. Ẹ̀gbẹ́ kúìlì kò tíì parí, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń bi Báyọ̀ pé ṣé ilé gbígbé nìyí àbí gáréèjì, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún sì fẹ́ pa á.

Ó kúnlẹ̀. Àǹtí Àpèkẹ́ gbá a mọ́ra, ó gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n ọ́n sósì. Ó ti gbó. Ọrùn rẹ̀ ti rí bí ti ìyá wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù nínú kóòtù tí Báyọ̀ wọ̀ fún un.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n gbé oúnjẹ yín wá."

"Oúnjẹ ò ní sá lọ. Ẹrù màmá dà? Kí n kọ́kọ́ rí i." Ó jókòó, kò bọ́ kóòtù. "Ṣé o mọ̀ pé mi ò mú ẹyọ kan? Lọ́jọ́ tí màmá kú, búbá ẹlẹ́yẹ yẹn, fúnra wọn ni wọ́n fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n sá a sórí okùn. Èmi ni mo lọ ká a nírọ̀lẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n tọ́jú ìyẹn nìkan. Mo ní rárá, Àpèkẹ́, Adùn ò sí ńbí. Mo ká a sínú báàgì pẹ̀lú ìyókù."

Báyọ̀ wo ojú ìyàwó rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ máa wò ó, Àǹtí. Nípa báàgì yẹn, ṣé ẹ rí Brother Obed—"

"Mo gé e," ni Adùnọlá wí.

Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un wí kí ó má baà rí ọ̀nà sá padà. "Gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Mo gé gbogbo ẹ̀."

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé e wá, ó sì tẹ́ ẹ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Àǹtí Àpèkẹ́ kò pariwo. Ó fi ìka tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni ti ìkómọ ẹ. Èyí ni ti ọdún tí bàbá kú. Búbá ẹlẹ́yẹ rèé." Ìka rẹ̀ dé àárín, níbi tí àdìrẹ ìpọnmọ wà, ó rí ihò iná tí Adùnọlá fi òwú búlúù wé létí yíká, ó sì fi ìka rẹ̀ sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kí ló dé tó fi ṣe bátabàta?"

"Jeremiah bì sí i. Mo fọ̀ ọ́, aró wá ya."

"Kí ló dé tí o fi gé e?"

"Mo rò pé ìpín mi ni. Mo rò pé ẹ ti mú tiyín." Ó lè dákẹ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Mo tún rò pé èyí tó dára lẹ mú, Àǹtí. Mo rò pé àṣàkù lẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

Àǹtí Àpèkẹ́ gbé ojú sókè, ó wò ó. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ìbá sàn bó bá jẹ́ ìbínú. Ó yíjú sí fèrèsé. Adùnọlá gbé oúnjẹ wá, kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé omi wá, kò mu ún. Zoe fa àbúrò rẹ̀ wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Báyọ̀ ní òun fẹ́ lọ wo táyà ọkọ̀. Iyán tutù lórí tábìlì, ojú ọbẹ̀ dì, Adùnọlá sì dúró sójú kan bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ilé wọn ló dàgbà sí, ó mọ ohun tí kíkọ oúnjẹ túmọ̀ sí. Àbúrò ìyá wọn kan kọ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan báyìí, wọn kò sì jẹun pọ̀ mọ́ títí ikú fi mú ọ̀kan.

"Gbé sísọ́ọ̀sì wá," ni Àǹtí Àpèkẹ́ wí.

Adùnọlá ti rí i lójú inú rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣe gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bí òwú yóò ṣe kún ilẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà á.

"Ta ní í pín nǹkan nílé wa?"

"Àbúrò ni, Àǹtí."

"Ta ní í mú?"

"Ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú."

"Ó dáa. Pín in."

Adùnọlá tẹ́ kúìlì náà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó bá ti pín nǹkan fún ẹ̀gbọ́n rí mọ̀ pé ojú ẹni tó ń pín a máa là kedere, nítorí apá tó bá dára jù kò ní kàn án. Àdìrẹ ìpọnmọ wà láàárín gangan. Bó bá gé e gba àárín, yóò la àdìrẹ náà sí méjì, ọgbọọgba, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ó gbé sísọ́ọ̀sì síbẹ̀. Ó tún gbé e kúrò. Ó sún un sí apá òsì, kí àdìrẹ náà lè wà ní odidi ní apá kan, apá tí etí rẹ̀ ti parí, tí aró kò sì fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Ó wá gé e. Òwú yọ funfun láàárín aṣọ, ohun tó rán lórí bọ́ọ̀sì, nídìí ìrẹsì àti nígbà ìsinmi ráńpẹ́ ń ṣí lọ lábẹ́ irin, omi ojú rẹ̀ sì ń kán sí i. Nígbà tó parí, ó sún apá méjèèjì síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

Àǹtí Àpèkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò ní kí Adùnọlá kọ́kọ́ mú, kò sọ pé kò burú. Ó na ọwọ́, ó mú apá tó dára jù, èyí tí àdìrẹ wà nínú rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó gba ohun tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó bọ́ kóòtù.

"Ọbẹ̀ yẹn ti tutù," ni ó wí. "Lọ bá mi gbé e kaná. Kí o sì bu tìrẹ sínú àwo kan náà."

Adùnọlá gbé àwo náà, ó sáré wọ kíṣìnnì. Ẹkún kò jẹ́ kí ó rí ìṣáná, ó ń fi ọwọ́ wá a kiri lórí sítóòfù, ó sì ń dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ́n, Àǹtí. Mò ń bọ̀, Àǹtí."